Ìkéde Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Kambolé

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí wọ́n ka orúkọ Ìbídùn ní ìjọ Kátólíìkì ní Sokodé, gbogbo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ló yí ọrùn padà wò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé ẹ̀rín ìyàwó ojú ọ̀nà ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rín ló sì fi bò ó.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro láti sọ. Ìlànà ìjọ ni pé kí ọkùnrin àti obìnrin tó dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde orúkọ wọn ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí ẹni tó bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra lè jáde wá sọ ọ́. Kì í sì í ṣe ní ìjọ kan ṣoṣo. Wọ́n á kà á ní Sokodé, nítorí pé ní àdúgbò Kouloundè níbẹ̀ ni Ìbídùn ti ń ránṣọ. Wọ́n á kà á ní Tchamba, níbi tí Ayọ̀ọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ń tún ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo ṣe. Wọ́n á sì kà á ní Kambolé, nítorí pé Kambolé ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Ìbídùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìlú mẹ́ta! Ẹni tó gbé òfin yìí kalẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi sá pamọ́ sí rárá.

Ìbídùn sì ní ohun tó ń fi pamọ́. Ó ti bímọ rí ní Kambolé.

Ọmọdébìnrin ni nígbà náà. Ó ti jókòó sí kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní triplé, ẹni tó bá sì ti triplé tí kò yege, ilé ló ń lọ. Ó lọ sílé, kò pẹ́ tó fi pàdé Àlàsàn, awakọ̀ tó ń kó iṣu láti Kambolé lọ sí ọjà Tchamba. Ó bí ọmọkùnrin kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Ìsmáílà. Ibà mú ọmọ náà lọ kó tó mọ̀ ọ́n jókòó. Àlàsàn náà gba ọ̀nà Cotonou lọ, a ò rí i mọ́. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin ń sọ ọ́ kí obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàsàn ò tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn lọ ni. Ìbídùn kó ẹrù tirẹ̀ lọ sí Sokodé, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ, ó sì pinnu pé òun ò ní dárúkọ ọmọ náà mọ́.

Kò sọ fún Ayọ̀ọlá. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, ó ní kò tíì tó àkókò. Nígbà tí ìdílé méjèèjì ti jókòó, tí wọ́n ti gba ẹ̀bùn, tí wọ́n ti gbàdúrà, ó ní àkókò ti kọjá.

Ó ku díẹ̀ kí ìkéde bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì lọ rí fádà ní Sokodé. Fádà, tí wọ́n ń pè ní mọ̀npẹ́ẹ̀ níbẹ̀, bi wọ́n ní oríṣiríṣi ìbéèrè, wọ́n dáhùn, ó sì súre fún wọn. Bí wọ́n ṣe jáde, Ayọ̀ọlá dúró ti alùpùpù rẹ̀, kò gùn ún.

“Ìbídùn, ṣé gbogbo ẹ̀ la sọ fún mọ̀npẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ ni. Kí ló kù?”

“Bọ̀n,” ni Ayọ̀ọlá wí. “Dákọ̀, ó dáa.” Ó gun alùpùpù rẹ̀, wọ́n sì lọ. Ìbídùn ò tiẹ̀ ronú sí i lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Ayọ̀ọlá, gbólóhùn kan rẹ̀ lè pẹ́ tó oúnjẹ ọ̀sán kó tó jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ yẹn, Ayọ̀ọlá kò sí ní Sokodé. Ó ní ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo kan ti bàjẹ́ ní Koussountou, pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ò rí ìyẹ̀fun, pé òun gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ìbídùn gbà á gbọ́. Ó sì gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ṣadé, obìnrin Kambolé kan tó ń kó iṣu wá sí ọjà Sokodé, wá gba bùbá rẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ kú oríire o! A gbọ́ orúkọ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kambolé lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ yín náà wà níbẹ̀. Iwájú gan-an ló jókòó sí, ó múra bí ẹni tó fẹ́ kàwé Ìhìnrere.”

“Ọkọ mi?”

“Àbí ẹlòmíràn tún wà?” Ṣadé rẹ́rìn-ín, ó gba bùbá rẹ̀, ó lọ.

Abẹ́ apá ni aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ ya, ìdí nìyẹn tí Ìbídùn fi máa ń rán ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ náà ó rán abẹ́ apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì tú u pẹ̀lú ìbínú. Kí ni Ayọ̀ọlá ń wá ní Kambolé? Kí ló dé tó fi parọ́ Koussountou mọ́ ọn? Ara ń fu ú. Kò sì rí ju ohun méjì lọ tó lè gbé ọkùnrin lọ sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú: obìnrin, tàbí òfófó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ìyàwó yìí, bí kò tiẹ̀ bu iyì kún un. Ó gbàdúrà pé kó jẹ́ obìnrin ni. Bí Ayọ̀ọlá bá ní àlè kan ní Kambolé, a jẹ́ pé òun náà ní tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ, wọ́n á jọ dákẹ́ fún ara wọn ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òfófó ló ń ṣe, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń fi ọgbọ́n bèèrè ẹni tí Ìbídùn jẹ́ kó tó dé Sokodé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ayọ̀ọlá gbé irú iṣu tí wọ́n ń pè ní lábókò wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbídùn wo iṣu náà, ó wo erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wo bàtà ẹni tó gbé e wá. Iṣu ò ní ẹnu tí yóò fi sọ ìlú tó ti wá.

“Báwo ni Koussountou?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?”

“Ó ti ń lọ̀ báyìí.” Ayọ̀ọlá ń wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Aṣọ ìsọmọlórúkọ ni, funfun, kékeré, tí oníbàárà kan ní Tchamba fẹ́ fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ó fi ìka kan apá aṣọ náà. “Ó kéré gan-an o.”

“Bí wọ́n ṣe ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn.”

“Ìbídùn, ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ sọ fún mi?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. “Nǹkan bíi kí ni?”

“N ò mọ̀. Mo kàn ní kí n bèèrè ni.”

“Kò sí,” ni Ìbídùn wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo rẹ̀ fi bo ọ̀rọ̀ tó bá tún kù. Ayọ̀ọlá jókòó díẹ̀, ó mu omi, ó padà sí Tchamba.

Láti ìgbà náà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó fura sí gbogbo èèyàn. Ó fura sí Ṣadé, pé ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ jù. Ó fura sí àwọn ará ilé Àlàsàn tó wà ní Kambolé, pé wọ́n á rán ẹnìkan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti wá ba tirẹ̀ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe é níbi nínú wọn rí. Ó fura sí Àdìgún, katéṣíìsì wọn ní Kambolé, tó kọ́ ọ ní àdúrà nígbà tó wà lọ́mọdé, tí kì í gbàgbé ohunkóhun. Bí obìnrin méjì bá ń sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ohùn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń rò pé òun gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ka orúkọ wọn tán ní Sokodé, ó jáde síta ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì pe Ayọ̀ọlá.

“Níbo lo wà?”

“Tchamba. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohùn Ayọ̀ọlá, Ìbídùn gbọ́ ohùn mìíràn tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má gun ògiri. Ohùn náà ha, ó sì ń fọ́ lágbede méjì ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni méjì tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Katéṣíìsì Àdìgún ni. Ìbídùn pa tẹlifóònù náà láì dágbére.

Ó ti tó. Ó pinnu pé òun fúnra òun á lọ sí Kambolé fún ìkéde ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí òun fi ojú ara òun rí ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ayọ̀ọlá pè é. Ó kí i, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè oorun.

“Ọ̀túnla ni ìkẹta,” ó wí nígbẹ̀yìn.

“Mo mọ̀.”

“Ìkẹta ni wọ́n fi ń parí ẹ̀ o, Ìbídùn. Ṣé kò sí?”

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí Koussountou tí ọkùnrin yìí fi parọ́ fún un, ó rántí Tchamba tó fi parọ́ fún un, inú sì bí i. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti máa bèèrè òótọ́ lọ́wọ́ òun?

“Kí ló máa wà?” ó dáhùn. “Ìwọ ńkọ́, ṣé kò sí?”

“Ó dàárọ̀,” ni Ayọ̀ọlá wí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbídùn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ dé Tchamba, ó sì fi ìborùn bo orí títí tó fi rí ọlọ́kadà tó gbé e dé Kambolé. Ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ló dé sí. Obìnrin náà ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bi í ní ohun tó bá wá.

“Ìyá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ayọ̀ọlá máa ń wá síbí?”

“Ó ń wá mọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì yìí ló wá. Tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, á wá kí mi, á jẹun, á sì máa lọ. Ọmọlúwàbí ni.”

“Kí ló ń bèèrè lọ́wọ́ yín?”

“Kò bèèrè nǹkan kan.”

“Kò bèèrè nǹkan kan rárá?”

“Kí ni ì bá tún máa bèèrè? Ohun gbogbo ló ti mọ̀.” Àdùkẹ́ ju iṣu kan sínú omi. “Lọ́jọ́ tí ìdílé wọn wá mọ̀ wá, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gba ọmọ wa pẹ̀lú ohun tójú ẹ̀ ti rí, ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ó ní kò tọ́pẹ́. Kí ló dé tó o fi ń wò mí báyìí? Ṣé o ò sọ fún un ni?”

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí èèpo iṣu wà.

Láti ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́! Kí wọ́n tó lọ rí fádà rárá! Ayọ̀ọlá ti mọ̀ nígbà tó dúró ti alùpùpù rẹ̀. Ó ti mọ̀ nígbà tó fi ìka kan apá aṣọ ọmọ náà. Ó ti mọ̀ lánàá lórí tẹlifóònù. Ó bi òun lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ní kò sí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìtìjú mú un, lẹ́yìn náà ni ìfura tún gun orí ìtìjú. Ẹni tó mọ̀ tí kò sì sọ, kí ló ń dúró dè? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ìdáhùn kan ṣoṣo ló rí: ìkẹta. Ọkùnrin yìí ń dúró de ìkéde ìkẹyìn, kó lè dìde níwájú gbogbo Kambolé, kó sì kọ òun sílẹ̀ níbi tí ẹbí òun àti ẹni tó mọ òun yóò ti gbọ́.

Àdùkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó pè é lórí tẹlifóònù, kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ìbídùn ní rárá. Ó ní òun fẹ́ rí i kó ṣe é.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin jókòó sápá òsì, àwọn ọkùnrin sápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìbídùn lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kékeré rẹ̀, ó fa ìborùn sílẹ̀ dé ìpénpéjú. Ayọ̀ọlá wà níwájú lóòótọ́, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù tí Ìbídùn fúnra rẹ̀ rán fún un. Kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ń kọrin, kò kọrin. Ìbídùn ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì kórìíra ẹ̀yìn ọrùn náà, ó sì ń bẹ̀rù kó má lọ di pé òun ò tún ní rí i mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà, Katéṣíìsì Àdìgún tú ìwé rẹ̀.

“Ìkéde ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun náà sì ni ìkẹyìn. Ayọ̀ọlá ti ìjọ Tchamba àti Ìbídùn, ọmọ wa, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mímọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó lè dí i lọ́wọ́, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni mo fi bẹ̀ ẹ́, kó sọ ọ́.”

Ọmọ kan wúkọ́. Katéṣíìsì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni Ayọ̀ọlá dìde. Ó yí padà, ó kọjú sí gbogbo ìjọ.

Ìbídùn ò mọ ìgbà tí òun náà dìde.

“Katéṣíìsì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ní ọ̀rọ̀.”

Gbogbo orí yí padà. Katéṣíìsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ìwọ ìyàwó fúnra ẹ?”

“Èmi ni. Mo bímọ kan ní ìlú yìí. Ìsmáílà lorúkọ ẹ̀. Ó kú. N ò sọ fún ọkọ mi. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo parọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.” Kò dáwọ́ dúró. “Tó bá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ dìde sọ nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Kó jókòó.”

Obìnrin kan ní iwájú wí pé, “Ta ni kò mọ̀?” Ẹlòmíràn ní kó dákẹ́. Katéṣíìsì tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀.

“Ọmọ mi, ìyẹn kì í dí ìgbéyàwó lọ́wọ́. Gbogbo àwa tá a wà níbí la jẹun ìsọmọlórúkọ ọmọ yẹn, àwa náà la sì wá kí ẹ nígbà tó lọ. Ta ló máa fi ìyẹn bá ẹ jà? Jókòó.” Ó yíjú sí Ayọ̀ọlá. “Ọkọ ìyàwó, ìwọ náà ní ọ̀rọ̀ ni?”

“N ò ní ọ̀rọ̀ kankan,” ni Ayọ̀ọlá wí. Ó ń wo Ìbídùn bí ẹni tí kò gbà pé òun ló rí. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Nígbà tí wọ́n jáde, Àdùkẹ́ ní òun ń lọ wo iṣu lórí iná, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, wọn ò dúró.

“Kí lo dìde láti sọ?” ni Ìbídùn bi í.

“Mi ò dìde láti sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ máa lọ ni. Mi ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀.”

“Lọ síbo?”

“Ilé. Mo ti sọ fún ara mi pé tí ìkẹta bá kọjá tí mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, ó tán. Mi ò ní padà sí Sokodé mọ́.”

“Kí ló wá ń gbé ẹ wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí lo fi ń parọ́ Koussountou?”

Ayọ̀ọlá ń fi ẹsẹ̀ ti òkúta kékeré kan síwá sẹ́yìn. “Mo ń retí kí ẹlòmíràn dìde sọ ọ́. Mo fẹ́ rí ẹni tí mo máa bínú sí tí kì í ṣe ìwọ. Wọn ò sọ ọ́. Gbogbo wọn kàn ń kí mi kú oríire ni.”

“O mọ̀, o sì ń wò mí.”

“Mo bi ẹ́.”

“O ò bi mí! O ń dẹ mí wò ni. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè á dárúkọ ohun tó ń bèèrè.”

“Bóyá bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ayọ̀ọlá wí.

“Ta lò ń bínú sí báyìí?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi náà, ìwọ ni.”

Àwọn ọmọdé ti gun ògiri, Katéṣíìsì ti ń bọ̀ láti lé wọn. Ìbídùn rò pé àwọn ti parí ọ̀rọ̀, pé ohun tó kù ni kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà tó máa gbà lọ.

“Báwo ló ṣe rí?” ni Ayọ̀ọlá bèèrè.

“Kí ni?”

“Ìsmáílà. Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má sunkún, wọ́n ní òmíràn á wá, wọ́n ní kó gbàgbé.

“Etí ẹ̀ tóbi,” ni Ìbídùn wí. “Etí ẹ̀ ló tóbi jù lára ẹ̀. Mo máa ń fi fìlà bò ó torí kí wọ́n má bàa fi ṣe yẹ̀yẹ́.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀ níta ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ẹni tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń sọ ọ́ lọ.